Orí Dókítà Wo Lẹ Gbé Bọ́tìnnì Ńlá Lé?

Rárá o, Màmá Àgbà, ẹ má fọwọ́ pa mí lórí! Ẹ gbé e kúrò! Ọwọ́ tí ẹ fi tà mí lórí tábìlì báyìí-báyìí, tí ilẹ̀ ò tíì gbẹ níbẹ̀, ọwọ́ ọ̀hún náà lẹ tún fẹ́ fi máa ra mí lórí bí ológbò? Háà! Ayé mà le o! Mo ti ń gbọ́ ọ tipẹ́ pé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbàlagbà fi ń dẹ́rù ba ọmọdé ni, mi ò mọ̀ pé inú yàrá wa níbí, lórí àga onítìmùtìmù yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èmi gan-an ni kòkòrò náà jókòó sí, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tó tún ń pè mí ní ọkọ mi.

Ẹ má bínú. Mi ò pè yín ní kòkòrò. Ẹ̀fọ́ ni mò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Èmi ni ẹ̀fọ́ náà.

Kí n jókòó? Mi ò jókòó! Ìdúró ni mo wà. Ẹni tí wọ́n ta lọ́pọ̀ kì í jókòó. Ẹ ò gbọ́ bí géètì ṣe dún ni? Ìyá mi ti jáde nìyẹn. Wọ́n ti ká fọ́tò dókítà méjèèjì sínú báàgì, wọ́n ti wọ bàtà iṣẹ́, wọ́n ń lọ sọ fún àwọn oní-inṣọ́ránsì ìlera pé ilé wa ti yan dókítà, àti pé Dókítà Gíláàsì la yàn. Òní sì ni òpin ẹ̀! Bí ọ́fíìsì wọn bá ti tilẹ̀kùn lónìí, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tún lè yà síbòmíràn. Ẹ̀yin náà gbọ́ nígbà tí ìyá mi ń ṣàlàyé ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ ti gba ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ rù, àwọn àti gbogbo ará ilé wọn, ó dára, a dúpẹ́. Àmọ́ dókítà kan ni ilé kan. Ẹyọ kan! Ọ̀dọ̀ ẹ̀ nìkan la ó máa gbé ara wa lọ, ìbáà jẹ́ èékánná ló ṣí, ìbáà jẹ́ èémí ló fẹ́ bọ́. Dókítà tí a ò bá ti mú, kódà bó jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ la bọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n bí wa, ó ti di àjèjì sí wa nìyẹn.

Ó sì wà nínú àwọn tí wọ́n ní ká mú o! Òun gan-an ni ó ń dùn mí. Dókítà Túbọ̀mu tiwa, tiwa-n-tiwa, wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ní ká má mú un. Wọ́n tẹ́ ẹ síwájú wa, fọ́tò ẹ̀ rèé, tòun ti irun ńlá tó bo ètè ẹ̀ òkè bí búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń fọ bàtà, ó ń wò wá bọ̀ọ̀, ó ń retí àwọn èèyàn ẹ̀. Èmi gbé bọ́tìnnì tèmi lé e. Ẹ̀yin wá gbé e tì!

Kín lẹ wí? Ẹ ní ọ̀dọ̀ tèmi lẹ wà? Ó dáa. Ẹ máa ṣe é. Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín lọ.

Màmá Àgbà, ẹ jẹ́ ká sọ òdodo. Ta ló ni òfin bọ́tìnnì nínú ilé yìí? Ṣebí Bàbá Àgbà ni. Aránṣọ ni wọ́n nígbà ayé wọn, bọ́tìnnì ló kún ilé wọn, wọ́n ní ẹnu ń dá ìjà sílẹ̀, bọ́tìnnì kì í pariwo. Ìgbà tí a ò mọ irú ọ̀dà tí a ó fi kun ògiri pálọ̀, bọ́tìnnì ló parí ẹ̀. Ìgbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń jà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, bọ́tìnnì ló parí ẹ̀, mo sì gba kámú, mo ń sùn lẹ́bàá ilẹ̀kùn títí dòní olónìí, ìka ẹsẹ̀ gbogbo ayé ló ń gbá mi lórí. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní bọ́tìnnì ẹyọ kan. Ẹ̀yin nìkan lẹ ní bọ́tìnnì ńlá, èyí tí ẹ já lára kóòtù Bàbá Àgbà tó ṣì wà lára ilẹ̀kùn yẹn, tó ń dúró fún méjì, tó sì máa ń gbẹ̀yìn gbogbo wa. Nítorí yín náà la ṣe ń fi fọ́tò ṣe é, ẹ̀yin tí ẹ ò kàwé, kí ẹnikẹ́ni má baà fi lẹ́tà bo òótọ́ mọ́ yín lójú. Irú iyì wo ló tún kù tí ilé lè fún èèyàn?

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, a ti jọ ṣe ìṣirò ẹ̀! Lẹ́yìn ilé ìdáná lánàá, níbi tí a ti ń sá aṣọ sórí okùn, mo sọ fún yín pé ìyá mi á lọ sọ́dọ̀ Dókítà Gíláàsì, torí ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ ọṣẹ ni ilé ìwòsàn ẹ̀ wà, kò ní rìn jìnnà. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi náà á lọ síbẹ̀, torí wọ́n ti sọ fún un pé atẹ́gùn tútù ń fẹ́ níbẹ̀, àga wọn rọ̀, tẹlifíṣàn wà lára ògiri. Ẹni bá ń wá tẹlifíṣàn, kó jókòó sílé, àbí? Mo ní ìyẹn jẹ́ méjì. Mo ní èmi jẹ́ ẹyọ kan, ẹ̀yin jẹ́ méjì, mẹ́ta ju méjì lọ, ó parí. Kí lẹ wí? Ẹ fi ìka kékeré yín kọ́ tèmi. Ẹ ní, "Ọkọ mi, fọkàn balẹ̀, ọ̀dọ̀ onítúbọ̀mu ni bọ́tìnnì mi ń lọ." Okùn aṣọ gbọ́. Pátá ẹ̀gbọ́n mi tó wà lórí ẹ̀ gbọ́!

Mo sì fọkàn balẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ débi pé ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe láàárọ̀ yìí. Mo fi máàkà ṣe ojú Dókítà Gíláàsì lọ́ṣọ̀ọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ fọ́tò ẹ̀, kí gbogbo ilé lè rí i bí ẹni yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí sísọ́ọ̀sì ìránṣọ ẹ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyá mi ní ọjọ́ kan báyìí, àwọn á fi máàkà náà kun èmi alára. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín! Ó yẹ kí n ti fura nígbà yẹn.

Ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi gbé tiwọn lé e, wọ́n di méjì sí orí Gíláàsì. Mo gbé tèmi. Ó kù yín. Ẹ yọ bọ́tìnnì ńlá létí ìborùn. Ẹ na ọwọ́, ẹ ń fọwọ́ tọ tábìlì lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú títí imú yín fi fẹ́ kan fọ́tò, ẹ wo ti ọ̀tún, ẹ wo ti òsì, ẹ tún padà sí ti ọ̀tún, mo ń rẹ́rìn-ín sínú, mo ní, ẹ wò wọ́n, wọ́n ń fa ìfun ìyá mi bí rọ́bà, ọ̀gá ni wọ́n nínú iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà, gbà! Orí Dókítà Gíláàsì!

Ẹ sì ṣẹ́jú sí mi! Ìyẹn ni mi ò ní gbàgbé láyé. Ẹ gbé e lé orí ẹni tí a ò fẹ́, ẹ yíjú sí mi, ẹ sì ṣẹ́ ojú kan, bí ẹni pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀bẹ sí mi lẹ́yìn tán, ẹ wá ń bi mí bóyá ó mú dáadáa. Ìyá mi ní, "Ó parí! Bọ́tìnnì ńlá ti sọ̀rọ̀," wọ́n ká fọ́tò, ó di géètì. Ẹ̀gbọ́n mi gbá sísọ́ọ̀sì ẹ̀ mú, ó ń kọrin lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Èmi rèé. Mo la ẹnu sílẹ̀, eṣinṣin ń wọlé.

Ẹ ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ ṣì ń sọ pé ọ̀dọ̀ tèmi ni? Màmá Àgbà, ẹ̀fẹ̀ ní ibi tó yẹ kó dé kó dúró! Èmi ni mo ń sọ ọ́ o, èmi tí mo fi iyọ̀ pààrọ̀ ṣúgà àlùfáà. Èmi gan-an mọ̀ pé ó ní ibi tí èèyàn kì í gbé ẹ̀fẹ̀ dé.

Ó dáa, ẹ gbọ́, bóyá ẹ ti gbàgbé, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ọjọ́ tí èémí mi há. Mo ti kú ikú ẹ̀fẹ̀ nínú ilé yìí kí ọjọ́ náà tó dé, mi ò jiyàn. Mo kú lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n fọ ìkòkò. Mo kú lọ́jọ́ ìdánwò ìṣirò. Mo kú lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi mú ọ̀rẹ́kùnrin ẹ̀ wálé, mo nà gbalaja sẹ́nu ọ̀nà, mo yọ ahọ́n síta, ọmọkùnrin náà fò mí kọjá, kò sì padà wá mọ́. Torí náà, nígbà tí ti tòótọ́ dé, tí àyà mi ń súfèé bíi kẹ́tù omi tó ń hó, tí mò ń na ọwọ́ sí wọn, tí mi ò lè pe orúkọ ẹnikẹ́ni, kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n pàtẹ́wọ́! Ìyá tó bí mi pàtẹ́wọ́! Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èyí dára ju ti ìjẹta lọ."

Ta ló gbé mi? Ẹ dáhùn. Ta ló gbé mi? Ẹ̀yin ni! Ẹ̀yin lẹ gbé mi pọ̀n, gìrìpá ọmọ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn yín, ẹ ò wọ bàtà, ẹ gba àárín ọkọ̀ kọjá ní títì, ẹ gbá ilẹ̀kùn Dókítà Túbọ̀mu tí wọ́n ti fẹ́ tì. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ rí mi, ó ní, "Ẹ má dá a lóhùn, alápanilẹ́rìn-ín àdúgbò ni." Àmọ́ Dókítà ò wo ojú mi, kò wo ẹnu mi. Kòtò ọ̀fun mi yìí ló ń wò, bó ṣe ń jìn wọnú ní gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ fa atẹ́gùn. Ó ní, "Ẹnu lè ṣẹ̀fẹ̀, ọ̀fun kì í ṣẹ̀fẹ̀." Ó gbé nǹkan bò mí nímú, atẹ́gùn wọlé, mo tún di èèyàn. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kì í bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Á kàn ní kí n gbé àgbọ̀n sókè. Òun nìkan, nínú gbogbo ayé yìí, ló lè mọ ìgbà tí mò ń ṣeré àti ìgbà tí mò ń kú.

Òun náà ló lọ bá ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù pátákó! Ilé ìwé ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí àyà yìí, oṣù kan n ó lọ, oṣù méjì n ó sùn sílé, mo jáwọ́. Iṣẹ́ kíkun pátákó ìpolówó yìí nìkan ni mo wá rí tó dùn mọ́ mi. Dókítà mìíràn á ti sọ pé kí n fi sílẹ̀, torí òórùn ọ̀dà. Dókítà Túbọ̀mu ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó lọ síbẹ̀ fúnra ẹ̀, ó gbóòórùn agolo kọ̀ọ̀kan bí ajá, ó ní, "Èyí tí ẹ fi omi pò ni kí ó máa lò, ìta gbangba ni kó ti máa lò ó. Bí mo bá bá a nítòsí àwọn yòókù yìí, inú gọ́tà ni n ó dà wọ́n sí." Ọ̀gá mi tó ń bú gbogbo èèyàn kúnlẹ̀ kí i! Ṣé Dókítà Gíláàsì á wá gbóòórùn agolo ọ̀dà? Ṣé ó mọ̀ mí? Ọjọ́ tí mo bá ń mí bí ẹja tó já bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n gbé mi dé iwájú ẹ̀, ẹnì kan á ṣáà sọ fún un pé ẹ̀fẹ̀ ni, òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní kí n jókòó síwájú tẹlifíṣàn. Ibẹ̀ ni n ó wá kú ikú ẹlẹ́ẹ̀kẹrin sí, èyí tí mi ò ní dìde nínú ẹ̀ láti tẹríba.

Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín fà á o. Bọ́tìnnì Bàbá Àgbà lẹ fi fà á.

Ẹ má sunkún. Ẹ má... Ìyẹn náà, mi ò gbà á gbọ́. Ojú yín ń dami láti bí ìgbà díẹ̀ wá, ẹ ní àlùbọ́sà ni, kò sì sí àlùbọ́sà nílé. Ẹ ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tipẹ́, mo kàn ń gbà á bí eré ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́ yìí, mo mọ̀, ọ̀gá kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ borí òun. Ẹ rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́sí tí ẹ jáde láti yàrá, tí ẹ dúró síwájú kóòtù Bàbá Àgbà lára ilẹ̀kùn, tí ẹ ń kí i? "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ wọlé wá jókòó, ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà bí agbowó-orí." Mo yí lulẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí tí àyà mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Ẹ tún bu omi gbígbóná, ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ó dà sí mi lẹ́sẹ̀, ẹ ní ẹ̀san iyọ̀ àlùfáà ni. Mo gbà. Mo gbé alángbá rọ́bà sórí ìrọ̀rí yín, mo fara pamọ́ sẹ́yìn aṣọ fèrèsé, mo ń retí igbe. Ẹ sì fọwọ́ pa á lórí! Ẹ ní, "Ìbọ̀sẹ̀ ta nìyí?" Ọjọ́ náà ni mo gbà pé kò sí irú yín mọ́, pé ẹ̀rù kankan ò lè bà yín. Ọ̀gá mi, ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó pọ̀n mí! Ẹni náà ló wá gbé bọ́tìnnì lé...

Ẹ ní kí ni?

Ẹ tún un sọ. Ẹ rọra sọ ọ́. Ẹ ní onítúbọ̀mu lẹ gbé e lé. Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣèlérí, àmọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ ṣe. Ẹ ní ẹ rí i? Ẹ rí túbọ̀mu náà dúdú lórí ètè ẹ̀, ẹ sì gbé e lé e gbàgà? Ẹ ní ti ẹnì kejì dà bí eérú lójú yín, ẹ ò rí nǹkan kan níbẹ̀? Èwo ni túbọ̀mu? Dókítà Gíláàsì tójú ẹ̀ ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, níbo ló ti fẹ́ rí túbọ̀mu? Kò sí irun kan ṣoṣo lójú ọkùnrin yẹn, àfi èyí tí èmi...

Àfi èyí tí èmi fi máàkà yà sí i.

Yéè.

Màmá Àgbà, ẹ dúró. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ wo ọwọ́ mi. Ìka mélòó ni mo nà sókè? Ẹ má méfò, ẹ wò ó. Mélòó? Mẹ́ta? Ó dá yín lójú? Màmá Àgbà mi... mi ò na ìka kankan. Ṣíbí ọbẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi.

Láti ìgbà wo? Láti ìgbà wo ni, mo ní! Ṣé kóòtù yẹn, ṣé ẹ rò pé èèyàn ni? Omi gbígbóná yẹn ńkọ́? Kì í ṣe ẹ̀san? Alángbá mi! Ẹ ò rí alángbá mi! Mo rẹ́rìn-ín, Màmá Àgbà. Gbogbo ẹ̀ pátá ni mo fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ń fọwọ́ tọ ògiri lọ nínú ilé ara yín, èmi sì ń pàtẹ́wọ́ fún yín, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún mi.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Kì í ṣe ìyá mi, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi, èmi! Ẹ mọ ẹni tó jí bisikíìtì, ẹ mọ ẹni tó so okùn bàtà àlùfáà pọ̀, gbogbo àṣírí mi wà níkùn yín, ẹ wá fi ìyẹn pamọ́ fún mi? Èyí gan-an ni ìwà ọ̀dàlẹ̀! Ti bọ́tìnnì, mo yọwọ́, mo dárí ẹ̀ jì yín, ọwọ́ ara mi ni mo fi bu u. Ti èyí kò tán nínú mi o.

Ẹ ń bẹ̀rù kí ni? Pé wọ́n á gba ilé ìdáná lọ́wọ́ yín? Pé wọ́n á gbé yín sójú kan bí ìkòkò òdòdó, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ lókè orí yín? Pé wọ́n á ní ẹni tí ò ríran, kí ló fẹ́ fi bọ́tìnnì ńlá ṣe? Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ níṣojú mi? Kó wá sọ ọ́! N ó so okùn bàtà ẹ̀ pọ̀ mọ́ géètì! Bọ́tìnnì yín ni. Bí ẹ bá fẹ́, n ó yí àwọn nǹkan tí a ń yàn sí ńlá, n ó kùn wọ́n sára pátákó tó tóbi bí ilẹ̀kùn, kí ẹ lè rí wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì. Iṣẹ́ mi ṣá ni.

Àmọ́... ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ó jọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀? Túbọ̀mu tí mo yà. Ó jọ ti Dókítà gan-an, tí ẹ fi gbé bọ́tìnnì Bàbá Àgbà lé e láìṣiyèméjì? Ẹ ní kò yàtọ̀ rárá? Ọ̀gá mi sì ń sọ pé ọwọ́ mi ò tíì mọṣẹ́!

Mi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ dákẹ́, kò sáàyè ẹ̀rín, ìyá mi ń lọ! Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń rìn yìí, wọn ò tíì ju ibùdókọ̀ lọ, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n, fóònù yín dà? Ẹ gbé e wá. Ó ń dún. Ó ń dún lọ́hùn-ún. Wọn ò gbé e. Ẹ gbọ́... kí ló ń dún nínú kọ́bọ́ọ̀dù?

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, fóònù ìyá mi ni. Bẹ́ẹ̀ ni, inú agolo ìrẹsì ló wà. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo fi síbẹ̀ láàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pín ìtìjú yìí sí ọjọ́ méjì.

Ẹ dìde. Ẹ wọ bàtà. Rárá, a jọ ń lọ ni, torí bí èmi nìkan bá dé ibẹ̀ tí mo ní ìṣòro wà nílé, ìyá mi á ní ẹ̀fẹ̀ ni, wọ́n á wọ ọkọ̀ lọ. Ẹ̀yin ni wọ́n máa gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ kí a tó gba fọ́tò yẹn padà. Ẹ ò ní sọ pé bọ́tìnnì ṣèèṣì bọ́ ni. Ẹ máa sọ òótọ́ ojú yín níwájú ìyá mi, ní ibùdókọ̀ níbẹ̀, ẹ sì máa tẹ̀lé mi lọ sọ́dọ̀ Dókítà Túbọ̀mu kí ó wo ojú náà. Bóyá ó ní oògùn, bóyá ó ní iṣẹ́ abẹ, bóyá kò ní nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí ó wò ó! Ẹ kọ́ ìka kékeré yín mọ́ tèmi. Èyí kọ́, àtàǹpàkò nìyẹn. Ìyẹn. Ẹ ṣèlérí. Bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo fi èémí mi búra, n ó kun túbọ̀mu sí yín lórí ètè lójú oorun, gbogbo àdúgbò ni yóò sì rí i ṣáájú yín.

Ínhélà tí mo fi ń fa èémí rèé nínú àpò. Ẹ di apá mi mú. Ká máa sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì! Èmi tí mi ò lè mí, ẹ̀yin tí ẹ ò lè ríran, ẹ wo irú ikọ̀ tí ilé yìí rán síta! Ẹ gbẹ́sẹ̀. Àtẹ̀gùn kan nìyẹn, ẹ rọra, òmíràn nìyẹn. Apá òsì, ilẹ̀kùn wà ní...

Há! Há-há-há! Màmá Àgbà, ẹ fi í sílẹ̀, kóòtù ni! Kóòtù ni, ẹ má kí i!